Ọkùnrin Tó Làágùn Nídìí Iṣẹ́ Ìjọba

A kì í ṣiṣẹ́ ìjọba ká làágùn. Tọmọdé tàgbà ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí bàbá mi kórìíra tó o. Ìbáà jẹ́ níbi ìnáwó tí kálukú ti jẹ tó ti mu, bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣàwàdà, bàbá mi kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Yóò bi onítọ̀hún léèrè pé, "Ta ni ìjọba yẹn gan-an? Ẹ júwe ilé rẹ̀ fún mi." Nígbà tí wọ́n bá dákẹ́, òun náà ni yóò dáhùn: "Àgbẹ̀ tó gbin kòkó, tí bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó yọ nínú owó rẹ̀ kí wọ́n tó rí owó kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọ wa, òun ni ìjọba. Òun sì làágùn."

Láti ìgbà tí a ti sin ín, tí àlejò ti túká, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣáà ń gbọ́ létí. Wọ́n ka ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú: ọdún tí wọ́n bí i, ilé ìwé tó lọ, ipò tó dé lẹ́nu iṣẹ́, oyè tí ìjọ fi dá a lọ́lá, iye ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí à ń kà nídìí pósí kì í ní àyè fún ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. A ní ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìntì, a tún ní ó jẹ́ ọmọ ìjọ tòótọ́, bí ẹni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lójú tèmi tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá mi ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ibi méjì ló ti ṣe é.

Ọdún 1959 ló wọ iṣẹ́, ọdún tó ṣáájú òmìnira. Akọ̀wé kékeré ni wọ́n gbà á sí ní Sẹkitéríàtì Agodi n'Ìbàdàn. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń ná nígbà náà, ìlú sì ń gbóná. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti January 1955, ó ku díẹ̀ kí àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà. Ní òpin October ọdún 1959 yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn níbẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi ń dá jù nínú ìtàn ìgbà náà ni ti Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta tó di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Kò bá Adébọ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ọ̀gá pátápátá ni ìyẹn, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so fáìlì ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń wú u lórí pé ọmọ ilẹ̀ wa ló jókòó sórí àga yẹn, iṣẹ́ kò sì dúró.

Ọ̀rọ̀ fáìlì yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ bàbá mi.

Ìwé kan kò gbọdọ̀ wọ inú fáìlì láìní nọ́ńbà. Igun òkè lápá ọ̀tún ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: 1, 2, 3, títí lọ. Okùn kan ni wọ́n fi ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti igun. Bí o bá ṣí fáìlì tí o rí 41, tí o rí 43, tí o kò rí 42, o ti mọ̀ pé ọwọ́ kan ti wọ ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè yọ ìwé kí ojú ìyọ rẹ̀ má hàn. Wọ́n fi èyí kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ tó dé ibi iṣẹ́, ó sì mú un dání títí tó fi kú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nílé wa ló ní fáìlì tirẹ̀: ìwé ìbí, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama, mo kọ lẹ́tà sí i pé bàtà mi ti já, kí ó rántí mi. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, mo bá lẹ́tà náà nínú fáìlì mi, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ó sì ti kọ KIV sí etí rẹ̀. Ohun tí àwọn akọ̀wé ìjọba ń kọ nìyẹn sára ọ̀rọ̀ tí apá kò ì tíì ká, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bàtà náà ti dé kí ìsinmi náà tó parí. Ó fa ìlà lé KIV yẹn lójú mi, ó kọ ọjọ́ tí ó rà á sí abẹ́ rẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣírò owó àwọn tó fẹ̀yìntì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a kẹ́dùn. Kò sí kọngílá tó ń wá ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń kí ènìyàn kú ọdún níbẹ̀. Àwọn arúgbó ló ń wá, tàwọn ti ìwé tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ó ní ní gbogbo ẹ̀ka yòókù, ìwé lò ń rí. Ní tibẹ̀, ẹni tó ni ìwé máa ń dúró níwájú rẹ.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Udoji dé. Ẹni tó bá dàgbà tó mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1974, ìjọba ológun fi owó kún owó oṣù, wọ́n sì san àjẹẹ́lẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Àwọn kan ra alùpùpù, àwọn kan gbéyàwó kún ìyàwó. Bàbá mi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyá mi. Ọjà wọ́n gógó láàárín oṣù díẹ̀, owó Udoji ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti lọ bí ó ṣe wá. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà nílé.

Ọdún yẹn náà ni nǹkan bàjẹ́. Ní July 1975 Murtala Muhammed gba ìjọba, kò sì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ lórí rédíò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 ni wọ́n yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgbọ́ tẹnu wọn. Ẹlòmíràn wà nídìí oúnjẹ alẹ́ nígbà tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Bàbá mi kì í fẹ́ sọ ìtàn yìí. Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa, bàbá mi fúnra rẹ̀ wá fi díẹ̀ kún un nígbà tó dàgbà.

Ọ̀gá kan wà níbi iṣẹ́ wọn, àgbà nínú ìjọ wa náà ni, nínú àwọn akọrin. Òun ló fi ọwọ́ kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ka orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ kí i lánàá kò gba ojú ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe, ẹ̀rù sì ń ba kálukú kí wọ́n má ka òun náà mọ́ ọn. Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá mi kò lọ kí i lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wá lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ̀gá náà ní ibi iṣẹ́, ó kà á léraléra. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé rẹ̀ lálẹ́, pẹ̀lú ìwé ìṣirò lábẹ́ apá. Ohun tó sọ fún un, bí ìyá mi ṣe sọ ọ́, nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka lẹ́tà yín. Ìfẹ̀yìntì ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ ìlékúrò. Ẹni tí wọ́n lé ni kì í gba nǹkan kan. Ẹ̀yin ti lo ju ogún ọdún lọ, owó yín wà níbẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ẹ kọ̀wé." Ọkùnrin náà ní ojú ń ti òun láti padà dé ẹnu géètì yẹn. Bàbá mi ní kí ó kọ lẹ́tà náà, òun yóò gbé e lọ fúnra òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wá bí wọn kò ṣe ní hàn, ó gbé lẹ́tà ẹni tí wọ́n yọ wọ inú ilé iṣẹ́ ìjọba lójú ọ̀sán, ó fi nọ́ńbà sí i, ó sì so ó mọ́ fáìlì.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà pé ọdún yẹn ló ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́ ní Nàìjíríà, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, akọ̀wé mọ̀ pé bí òun bá ṣe dáadáa, òun yóò dàgbà sídìí iṣẹ́ òun. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń wò ó pé wọ́n lè ka orúkọ òun lálẹ́ òní, kí òun yáa tètè mú tòun. Bàbá mi rí àwọn tó yí padà bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, àwọn ènìyàn rere. Kò bú wọn. Ó kàn máa ń ní, "Ẹ̀rù ló bà wọ́n."

Ní February 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Wọ́n pín òṣìṣẹ́, wọ́n pín fáìlì. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n gbé bàbá mi lọ, mi ò ní sọ èwo, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ níwájú. Ó máa ń sọ pé ìwé tó sọnù nínú pínpín yẹn pọ̀ ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. Ní August 1991 wọ́n tún yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ní October 1996 wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Olùkọ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, kó ṣe àárín rẹ̀ lábẹ́ Ọ̀yọ́, kó fẹ̀yìntì ní Ọ̀ṣun, láìkúrò ní ìlú kan náà. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀, ìwé rẹ̀ lè wà ní ibi mẹ́ta. Ohun tí àwọn olóṣèlú ń jó ayọ̀ lé lórí, àwọn arúgbó ló ń fi ẹsẹ̀ wọn san án.

Ẹ jẹ́ ká dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ Áńgílíkà ni tiwa, ìjọ tí kò tóbi. Wọ́n fi bàbá mi ṣe akápò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbàgbé orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè é ní Bàbá Akápò. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ra ìwé ńlá kan àti okùn. Gbogbo rìsíìtì ìjọ, ti àbẹ́là, ti epo jẹnẹrétọ̀, ti ẹni tó tún òrùlé ṣe, ló fi nọ́ńbà sí. Bí ìsìn bá parí, kì í dá ka owó ọrẹ. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n jọ ń kà á lórí tábìlì nínú yàrá àlùfáà, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì fọwọ́ síwèé kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ó bá ku kọ́bọ̀ kan, wọn yóò tún un kà. Ebi a máa pa wá nígbà náà, àwa ọmọ rẹ̀ tó ń dúró níta.

Ìyá arúgbó kan wà nínú ìjọ nígbà yẹn, kò mọ̀wé, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó. Ìdí ìró rẹ̀ ló ń so owó ìkórè rẹ̀ mọ́, owó wẹ́wẹ́. Ó máa ń tú u fún bàbá mi lẹ́yìn ìsìn, ojú a sì máa ti ìyá náà díẹ̀, nítorí àwọn olówó ti kéde tiwọn lójú agbo. Bàbá mi á jókòó tì í. Á ka owó náà síta níwájú rẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sórí rìsíìtì, kò ní gé e kúrú, á ka ohun tó kọ sétí ìgbọ́ rẹ̀, á sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ bá rìsíìtì wọ̀nyẹn nínú Bíbélì rẹ̀, Bíbélì tí kò lè kà, gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Wọ́n kó o wá hàn wá. Bàbá mi wọ yàrá lọ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó jáde wá dá wọn lóhùn.

Ìyá yẹn ni mo rò pé bàbá mi ń rò nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé àlùfáà dé. Ìjọ ti ń kó owó jọ láti kọ́ ilé fún àlùfáà. Ọ̀kan nínú àwọn abẹnugan ìjọ fẹ́ yá nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọjà rẹ̀ wà ní èbúté, yóò sì dá a padà pẹ̀lú èlé. Àwọn àgbà kan rò pé kò burú. Ẹni tó ń fún ìjọ lówó ni. Bàbá mi ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n rán ènìyàn sí i, wọ́n rán ìyá mi sí i. Ẹnì kan sọ fún un nílé wa, mo wà níbẹ̀, pé, "Bàbá Akápò, ìjọba kọ́ lẹ wà yìí o, ilé Ọlọ́run ni. Ẹ fàyè gba ìfẹ́." Ó ní, "Ìdí ìró ni wọ́n ti tú owó yìí. Mi ò lè yá a fún ẹnikẹ́ni láìbi ẹni tó tú u."

Ní ìpàdé ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe akápò. Kò fi ìjọ sílẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni yodì. Ó kó àwọn ìwé náà lé ẹni tuntun lọ́wọ́, ó jókòó tì í títí ìyẹn fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà sí i, ó wá padà sáàárín ìjọ, ó ń fi ohùn rẹ̀ tí kò bá dùùrù mu kọrin sókè bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọ́n tún wá bẹ̀ ẹ́. Ó tún gbà. Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn, torí èmi kì bá tí gbà.

Ìwà yìí ná wa ní nǹkan, ìyá mi ló sì san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ fún ènìyàn, ọkọ̀ yẹn á gbé e lọ síbi iṣẹ́, á sì gbé e padà wálé, ó parí. Àwa kì í wọ̀ ọ́. Ìyá mi á ru aṣọ oníbàárà tó fi ẹ̀rọ Udoji rán, á kọjá lára ọkọ̀ náà lọ sí ibi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì, nínú òjò nígbà mìíràn. Owó ilé ìwé wa, ara ẹ̀rọ yẹn ló ti ń jáde ní ọdún tí owó oṣù bá pẹ́. Mo rántí alẹ́ kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó yọ ọ́, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ìwà yín dára, gbogbo ayé ló mọ̀. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ńkọ́?" Bàbá mi kò rí èsì fún un. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tà á.

Nígbà tí wọ́n ń yin bàbá mi lọ́jọ́ ìsìnkú, tí wọ́n ní kò jí kọ́bọ̀ ìjọba rí, ìyá mi ni mò ń wò. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan lo ọdún 35 nídìí owó gbogbo ènìyàn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ bèèrè ẹni tó bá a gbé ẹrù rẹ̀. A kì í sábà kọ orúkọ onítọ̀hún sínú ìwé ètò ìsìn, àyàfi ní ibi tí a bá ti kọ "aya rere".

Ó fẹ̀yìntì ní 1994, ọdún 35 pé. Ẹni tó ti ṣírò owó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá di ẹni tó ń dúró de tirẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé owó tí wọ́n fi owó oṣù 1994 ṣírò kò fi bẹ́ẹ̀ ra nǹkan mọ́ nígbà tó dé. Wọ́n á ní kí àwọn arúgbó wá fojú hàn fún àyẹ̀wò, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láyé. Wọ́n á tò láti ìdájí, wọ́n á sọ fún wọn ní ọ̀sán pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Mo máa ń bá a lọ. Mo rí àwọn tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé wá, mo rí ẹni tó dákú lórí ìlà. Bàbá mi kì í bínú níbẹ̀, èmi ni mo máa ń bínú. Òun á ti máa wo ìwé ọwọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà: "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín wà? Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, ti ìgbéga ni. Ẹ má fún wọn ní ojúlówó o, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀."

Bí tábìlì abẹ́ igi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á gbé tábìlì kan sábẹ́ igi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gègé àti ìwé. Àwọn ọmọ ìjọ ló kọ́kọ́ ń wá, lẹ́yìn náà àwọn ìjọ mìíràn, lẹ́yìn náà àwọn Mùsùlùmí àdúgbò, tí wọ́n á dé lẹ́yìn tí ìsìn bá ti parí. Olùkọ́ ló pọ̀ jù, nọ́ọ̀sì, àwọn mẹ́sẹ́ńjà, àwọn awakọ̀ ìjọba. Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé á fi ìṣirò hàn wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi pamọ́ fún wọn mọ́. Lábẹ́ ètò àtijọ́, ẹni tó bá lo ọdún 10 yóò gba owó ọdún kan gbáko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àjẹmọ́nú, pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìdá 30 nínú 100 owó ọdún tó gbà kẹ́yìn. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lò lé e, wọ́n á fi ìdá 8 kún ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi ìdá 2 kún ti pẹ́ńṣọ̀n, títí yóò fi pé ọdún 35: owó ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ìdá 80 nínú 100 lọ́dọọdún títí ikú. Ẹni tí owó ọdún rẹ̀ bá jẹ́ ₦100,000 nígbà tó pé ọdún 35, ₦300,000 ni àjẹmọ́nú rẹ̀, ₦80,000 sì ni pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ lọ́dún. Bàbá mi á kọ ọ́ sórí ìwé ní lẹ́tà gàdàgbà, á ní kí wọ́n tún un ṣe fúnra wọn. Mo rí ìyá olùkọ́ kan tó ṣírò tirẹ̀ tán tó pariwo, "Áà! Wọ́n ti yọ mí lọ́dún mẹ́rin!"

Opó kan wá lọ́jọ́ kan láti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ pé wọ́n bá òun sin ọkọ òun. Kò bá ti pẹ́ńṣọ̀n wá rárá. Ọdún méjì péré ni ọkọ rẹ̀ fi gba pẹ́ńṣọ̀n kí ó tó kú, obìnrin náà sì rò pé ó tán síbẹ̀. Bàbá mi ní kí ó jókòó. Ó ṣàlàyé fún un pé òfin fi ọdún márùn-ún ṣe ẹ̀rí fún pẹ́ńṣọ̀n: bí ẹni tó fẹ̀yìntì bá kú kí ọdún márùn-ún tó pé, èyí tó kù jẹ́ ti àwọn tó fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin náà kò gbà á gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ṣì ń ṣọ̀fọ̀." Wọ́n jọ kọ lẹ́tà náà níbẹ̀. Ó gba àkókò, ó gba ìrìn, ṣùgbọ́n owó náà dé, òun ló sì fi parí ilé ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún ní ìwé pélébé kan tó fi ọwọ́ kọ, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fáìlì rẹ̀: abala 210 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó sọ pé kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣe àtúnyẹ̀wò owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ó mọ̀ pé wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tó bá àwọn ènìyàn kọ ló ṣì ń fi í sí, nítorí ó gbàgbọ́ pé ó yẹ kí ó wà nínú fáìlì, pẹ̀lú nọ́ńbà, de ẹni tí yóò kà á lọ́jọ́ iwájú. Fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ ètò tuntun tí òfin 2004 dá sílẹ̀, èyí tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí, ìdá 8 àti ìdá 10 láti 2014, ìkìlọ̀ kan ló ní: kí wọ́n máa wo àkáǹtì wọn lóṣooṣù, bóyá owó tí wọ́n yọ lára wọn dé ibẹ̀.

Kò gba kọ́bọ̀ rí nídìí tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fún un ní nǹkan, ó máa ń fi í ránṣẹ́ sínú àpótí ìjọ, á sì já rìsíìtì fún un.

Ó làágùn níbẹ̀ gan-an. Ooru abẹ́ igi yẹn kì í ṣe kékeré, ìnujú funfun rẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kú, ó ṣì jókòó síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ọmọ mi ló ń bá a kọ ọ́, òun ń pe ọ̀rọ̀ jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a ṣí ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí tábìlì. Èyí tó ti parí, ó ti fa ìlà pupa sí i. Èyí tí kò ì parí, KIV. Èmi àti àwọn àbúrò mi pín wọn láàárín ara wa, a ń pe àwọn ènìyàn lórí fóònù, a ń dá ìwé wọn padà fún wọn tàbí kí a bá wọn tẹ̀ ẹ́ síwájú. Èyí tó le jù tó kù sí ọ̀dọ̀ mi ni ti ìyá olùkọ́ kan tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ ọdún kan, tí ìwé ìgbéga rẹ̀ sì sọ ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti fi ìyẹn dá owó rẹ̀ dúró láti ìgbà pípẹ́. Bàbá mi ti kọ sí etí rẹ̀ pé kí a wá ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí wíwá olùkọ́ ní ilé ìwé tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. A ti rí i. Ẹni ogójì ọdún tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà báyìí ló bá wa tú yàrá ẹrù, orúkọ màmá wà níbẹ̀ láti sáà àkọ́kọ́. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo ti fi nọ́ńbà sí i. Lọ́jọ́ Tuesday tó ń bọ̀ ni èmi àti màmá yóò jọ gbé e lọ.